Télọ̀ Tó Rán Ọ̀já fún Ikùn Ọmọ

Kí ẹ tó rí yàrá tí ọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìwòsàn wọlé, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn méje, ẹ ó kọjá ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, níbi tí oru omi gbígbóná ti ń tú jáde bíi pé ilé náà ń mí. Ibẹ̀ lẹ ó ti máa gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó ń ráhùn, àti ohùn ọkùnrin kan tó ń dá a lóhùn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn méjèèjì ti ń bá àríyànjiyàn náà bọ̀. Kò sí èyí tó tíì gbà fún èkejì.

Wọ̀n-ọ́n-wò ni gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ń pè é. Orúkọ náà kì í ṣe èébú. Nígbà tó ṣì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nígboro, tó ń rán sòkòtò fún àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn kí ẹsẹ̀ sòkòtò wọn gún bíi ti ọ̀bẹ, oníbàárà a máa wọlé pé, "Télọ̀, ẹ ṣáà gé e, ẹ mọ bí mo ṣe rí." Wọ̀n-ọ́n-wò á rọra yọ tépù lọ́rùn. Á ní, "Jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò ná. Láti ìgbà tí mo ti mọ bó o ṣe rí, o ti jẹun."

Nígbà tó yá, aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ gba ìgboro kan, oníbàárà ń dín kù, ó kó ẹ̀rọ rẹ̀, ó wá gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kò lójú, kò lẹ́nu. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, aṣọ aláìsàn tó ń di lẹ́yìn, aṣọ aláwọ̀ ewé tí àwọn dókítà ń tẹ́ sára ènìyàn, tí ihò kan ṣoṣo wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ abẹ. Á rán an, á ká a, wọ́n á gbé e lọ sókè. Kò mọ ẹni tó wọ̀ ọ́, kò mọ bó ṣe bá a mu.

"Ìyá àwọn ọmọ," ló wí fún ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan, "mo ti di télọ̀ tí kò lóníbàárà."

Ìyàwó rẹ̀ ti ṣe olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi títí tó fi fẹ̀yìn tì, ariwo kì í sì í tètè dà á láàmú. Ó ní, "Ẹ dúpẹ́. Àwọn oníbàárà yín àtijọ́, ìgbà wo ni ẹjọ́ wọn tán rí?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí títí di àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeé kan, tí obìnrin kékeré kan tó wọ aṣọ dókítà fi sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá náà. Wọ̀n-ọ́n-wò kò rí ojú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bó ṣe wo gígùn rẹ̀ láti èjìká dé kókósẹ̀ báyìí, ó dá a mọ̀.

"Áà, ẹ̀yin lẹ ni aṣọ kékeré yẹn. Ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gé ẹsẹ̀ aṣọ yín."

"Èmi náà ni, Bàbá. Ẹ ṣeun, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ǹ bá ti ṣubú nínú yàrá iṣẹ́ abẹ." Obìnrin náà fa àpótí kan, ó jókòó. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọdé ni, Dókítà Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. "Iṣẹ́ kan ni mo bá wá, kì í sì í ṣe ti aṣọ mi. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa lókè, obìnrin, ọmọ oṣù méjì ààbọ̀. Nínú oyún, iwájú ikùn rẹ̀ kò padé. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ àti ìfun rẹ̀ jókòó síta lójú ìdodo, nínú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Àpò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orí ọmọ náà fúnra rẹ̀."

Wọ̀n-ọ́n-wò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Kí ló dé tí ẹ ò kàn tì í wọlé, kí ẹ rán an pa?"

"Bàbá, yàrá tí wọ́n kọ́ fún ẹni méjì, bí ẹni mẹ́fà bá ya wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni á rí ibi mí? Inú ikùn ọmọ náà kéré, torí pé kò gba ẹrù rí. Tá a bá fi tipátipá tì í, á ti ẹ̀dọ̀fóró lọ sókè, kò ní lè mí. Oògùn la ti ń fi pa àpò náà lójoojúmọ́ láti ọjọ́ tó dé ayé. Ó ti gbẹ, awọ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hù bò ó tán. Ohun tó kù ni ká máa gba ẹrù náà padà sílé díẹ̀díẹ̀, fún oṣù gbọọrọ, kí inú máa fẹ̀ dè é. Báńdéèjì la fi ń wé e. Tó bá fi máa di ọ̀sán, báńdéèjì ti yọ̀ dé abẹ́ apá."

"Ẹ fẹ́ ohun tó máa dúró síbi tẹ́ ẹ fi í sí."

"Tó máa dúró, tí kò sì ní pa ọmọ lára."

Ọkùnrin náà dìde, ó gbé tépù kọ́rùn. "Mo gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n."

Lókè, nọ́ọ̀sì ní kó fọ ọwọ́, ó fọ̀ ọ́. Ó ní kó fọ tépù náà, Wọ̀n-ọ́n-wò wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó fọ eyín àgbà, torí ọgbọ̀n ọdún ni tépù náà ti wà pẹ̀lú rẹ̀, omi kò kàn án rí. Ó fọ̀ ọ́ náà. Ìyá ọmọ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì kékeré náà. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń tún fóònù ṣe ni, ìka rẹ̀ tín-ín-rín, ojú rẹ̀ kì í ṣẹ́ tó bá ń wo ènìyàn.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé dókítà ni yín?"

"Rárá o. Télọ̀ ni mí."

Ó ronú sí i díẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà ti wo ọmọ mi tó. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá torí ohun tó máa wọ̀."

Ẹ̀rù ti ń ba Wọ̀n-ọ́n-wò láti orí àtẹ̀gùn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣí aṣọ, ó rí òkè kan lórí ikùn ọmọ, ó pupa, ó ń dán, awọ tuntun ti yí i ká láti etí wá bí omi ṣe ń bo etí òkúta. Ó di tépù mú, kò nà án. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbójú sókè, ó rí ojú ọmọ náà. Kò sí ohun tó ṣe é. Ebi ló ń pa á, inú sì ń bí i pé àwọn àgbàlagbà mẹ́rin dúró yí òun ká, kò sí èyí tó mú oúnjẹ wá nínú wọn. Wọ̀n-ọ́n-wò rẹ́rìn-ín. Ó wọn àyà, ó wọn ìbàdí, ó wọn òkè náà yípo, ó wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ dé orí. Ọmọ náà di etí tépù mú, kò sì fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ọjọ́ méjì ló fi rán ọ̀já àkọ́kọ́. Ó fi gbogbo ẹ̀kọ́ ọjọ́ ayé rẹ̀ sí i. Ó fi aṣọ líle tẹ́ inú rẹ̀, ó rán ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi aṣọ alámọ̀mọ́ra tí wọ́n ń lò sára bàtà ọmọdé dè é lẹ́yìn, èyí tó máa ń dún fàáà tí wọ́n bá fà á ya. Ọ̀já náà rẹwà débi pé ó gbé e yíká ibi ìfọṣọ kó tó gbé e lọ sókè.

Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi dè é tí nọ́ọ̀sì fi rí i pé ọmọ náà ń mí kíákíá, ihà rẹ̀ ń wọlé ń jáde. Wọ́n fà á ya lójú ẹsẹ̀. Èémí ọmọ balẹ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ wá sọ fún un.

"Bàbá, iṣẹ́ yín ti dára jù. Òun gan-an ni wàhálà rẹ̀. Ẹ rán ìbàdí sòkòtò."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun, torí pé òótọ́ ni. Ẹni tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí bí sòkòtò kò ṣe ní já bọ́ lára ènìyàn, ó wá mú ọgbọ́n yẹn lọ sọ́dọ̀ ọmọ jòjòló. Kò jẹun ọ̀sán. Ó ń rí ihà kékeré yẹn bó ṣe ń wọlé ń jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá ìyá ọmọ náà láti tọrọ àforíjì, kó sì sọ pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Ìyá ọmọ gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Bàbá, tí mo bá tún fóònù kan ṣe, tí mo dè é, tí kò wá tàn, n kì í sọ fóònù náà nù, n kì í sì í lé ara mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Màá tú u ni, màá tún un wò."

"Fóònù kọ́ nìyí, ìyá."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ìyàwó Wọ̀n-ọ́n-wò ti ìta dé, ó sì bá ọkọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àga. Ó ti rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú rọ́bà tí wọ́n fi ń mú ẹ̀yìn gbóná, ó dè é mọ́ tìmùtìmù pẹ̀lú ọ̀já, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń sọ fún un pé kó ní sùúrù.

"Ṣé kí n jáde padà?" ìyàwó rẹ̀ béèrè.

Ó ṣàlàyé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá àwọn ọmọ gbé báàgì sílẹ̀, ó yí tìmùtìmù náà ká.

"Ẹ̀yin ọkùnrin," ó wí, "tí ẹ bá fẹ́ kí nǹkan dúró, ẹ ó dì í pa. Ohun tó ń gbé ẹrù kì í fún ẹrù lọ́rùn. Ìsàlẹ̀ ló ti ń gbé e, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń dì í mú, á sì fi òkè sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wọ kọ́mú."

Wọ̀n-ọ́n-wò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó wo rọ́bà omi, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì nawọ́ sí sísọ́ọ̀sì.

Bó ṣe gbé ọ̀já kejì wá lọ́jọ́ Móńdè, tí Dókítà Pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò níwájú lẹ́yìn, ó béèrè ibi tó ti rí ọgbọ́n náà. Wọ̀n-ọ́n-wò ní ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Aṣọ òwú rírọ̀ ló fi rán an, ó gé iwájú rẹ̀ sí ẹ̀là mẹ́rin tó rán pọ̀ bí abọ́, kò sì jẹ́ kó débi ihà rárá. Wọ́n dè é, nọ́ọ̀sì jókòó tì í, ó ń ka èémí. Wákàtí kan kọjá, èkejì kọjá. Ọmọ mu ọmú, ó sùn, ó jí, ó tún béèrè ọmú. Nígbà tí wọ́n tú u ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀já ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí.

Bí ìrìn àjò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n dá ìyá àtọmọ sílẹ̀ lọ sílé, wọ́n sì ń padà wá lóṣooṣù. Wọ̀n-ọ́n-wò á gòkè pẹ̀lú tépù rẹ̀ tó ti ń wẹ̀ báyìí, á wọn ọmọ, á kọ ọ́ sílẹ̀, á lọ gé tuntun. Nǹkan ìyanu ni fún un. Gbogbo aṣọ tó ti rán fún ọmọdé rí, ńṣe ló ń tóbi sí i lọ́dọọdún. Ti èyí, àyà ọmọ ń fẹ̀, itan ń yọ ẹran, ẹnu ń yọ eyín, ṣùgbọ́n abọ́ iwájú ọ̀já ń kéré sí i ní ìka kan ní ìka kan. Ó fi ìwé gé àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn kọ́ sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ọmọ náà kì í fẹ́ rí aṣọ funfun. Tí dókítà bá yọjú, á figbe ta. Ṣùgbọ́n tó bá ti rí tépù, á gbé ikùn síwájú bí ọ̀gá tó wá gba aṣọ rẹ̀. Nígbà tó pé oṣù mẹ́jọ, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ọ̀já. Níbi tí ìyá rẹ̀ bá ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, á gbọ́ fàáà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ti bọ́ra.

"Ọmọ yín gbọ́n," Wọ̀n-ọ́n-wò wí.

"Ẹ má yìn ín létí rẹ̀ sà. Ibi tí kò ti lè dé ni kẹ́ ẹ so ó sí."

Ó gbé ibi tí wọ́n ti ń dè é lọ sí àárín ẹ̀yìn, ó sì fi aṣọ kékeré bò ó. Ọmọ náà fi ọjọ́ mẹ́ta wá a kó tó gba kámú.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń lọ geere. Ní oṣù kẹwàá, otútù àyà mú ọmọ náà, wọ́n tún dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, wọn kò sì jẹ́ kó wọ ọ̀já fún ọ̀sẹ̀ méjì kó lè rí ibi mí dáadáa. Nígbà tí Wọ̀n-ọ́n-wò wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá ká tépù.

"Ẹ sọ ọ́, Bàbá," ìyá ọmọ wí.

"Ó ti padà síbi tó wà lóṣù méjì sẹ́yìn."

Obìnrin náà wo ilẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Wọ̀n-ọ́n-wò rí i tó gbójú kúrò lójú ènìyàn. Ó wá fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Ó dáa. Ọ̀nà ibẹ̀ ti yé wa." Wọ̀n-ọ́n-wò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá rẹ̀, ó yọ ìwé àtijọ́ kúrò lórí ìṣó, ó tún gé e.

Ọmọ náà pé ọdún kan àti oṣù méje kí Dókítà tó sọ pé àkókò ti tó. Ó ti ń rìn, ó ti ń sáré pàápàá, òkè ikùn rẹ̀ kò ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ mọ́. Awọ nìkan ló bo ibẹ̀, kò sí iṣan lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ló kù, láti la awọ náà, kí wọ́n ti gbogbo rẹ̀ wọlé, kí wọ́n sì fa iṣan ọ̀tún àti ti òsì pàdé láàárín.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá ọmọ bi Dókítà kó tó fọwọ́ sí ìwé. "Ṣé ọmọ mi á ní ìdodo?"

"Wọn ò bí i mọ́ ọn, àmọ́ màá ṣe ọ̀kan fún un."

Àárọ̀ ọjọ́ náà, Wọ̀n-ọ́n-wò jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń rán aṣọ dókítà. Nígbà tó gbé e sókè, apá kan ló rán mọ́ ọrùn. Ó tú u. Ó tún un rán, ó rán ẹnu apá méjèèjì pa. Ọ̀gá àwọn afọṣọ, tó wá gba aṣọ, wo iṣẹ́ náà, ó wo ojú rẹ̀, ó rọra pa iná ẹ̀rọ.

"Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, Bàbá. Aṣọ ò ní sá lọ."

Ó jókòó. Wákàtí mẹ́rin kọjá kó tó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Dókítà ni, fìlà iṣẹ́ abẹ ṣì wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Ó wọlé," ó wí. "Gbogbo rẹ̀ wọlé. Ààyè tó, iṣan sì padé."

"Ṣé ó ń mí?"

"Ẹ̀rọ ń bá a mí lónìí, ká lè jẹ́ kí ikùn sinmi. Tó bá di ọ̀túnla, a ó rí i."

Wọ̀n-ọ́n-wò nu ojú. Ó béèrè irú ojú abẹ́rẹ́ tó fi rán an. Dókítà mú èékù aṣọ kan lórí tábìlì, ó gba abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣe é hàn án, bó ṣe mú etí méjèèjì, bí ojú kan ṣe jìnnà sí èkejì, àti bó ṣe kó etí awọ jọ yípo bí ẹnu àpò, tó sì fi òwú fà á wọnú díẹ̀ láti fi ṣe ìdodo. Wọ̀n-ọ́n-wò gba aṣọ náà, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó wò ó títí.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ò lè ríṣẹ́ lọ́dọ̀ mi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbára lé ògiri.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n yọ ẹ̀rọ, ọmọ ń dá mí. Lọ́jọ́ karùn-ún, ara rẹ̀ gbóná, etí ojú ọgbẹ́ kan sì ń sunmi. Wọ́n pààrọ̀ oògùn, ó lọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìyá ọmọ ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé, Wọ̀n-ọ́n-wò sì gòkè wá kí wọn. Ó tẹ ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó yẹ ìdodo tuntun náà wò bó ṣe máa ń yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Ó jọ ibi tí wọ́n ti ń ti ṣájà bọ fóònù."

"Ṣé ó dáa, ṣé kò dáa?"

"Ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún Dókítà pé mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọ náà báyìí. Ó ti wọ iléèwé, olùkọ́ rẹ̀ sì ti bẹ ìyá rẹ̀ pé kó bá a sọ̀rọ̀ kó yé fi àpá ikùn han gbogbo àlejò. Wọ̀n-ọ́n-wò ti rán ọ̀já fún ọmọ méje mìíràn láti ìgbà náà. Mẹ́fà ń bẹ láàyè. Ìkeje wọn, ọkàn rẹ̀ náà ní àbùkù, kì í ṣe ikùn nìkan, kò sì pé oṣù mẹ́rin kó tó kú. Wọ̀n-ọ́n-wò kò ju ìwé tirẹ̀ nù, ó ká a sínú àpótí.

Gbogbo ọjọ́ Túsìdeé, àga rẹ̀ wà ní yàrá tí Dókítà Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń rí àwọn ọmọ. Ìyàwó rẹ̀ náà ń tẹ̀ lé e wá báyìí, torí ó ní ilé dákẹ́ jù. Ó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń dúró de dókítà, á kọ́ wọn lórin, á máa bá àwọn abiyamọ gbé ọmọ kí wọ́n lè jẹun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sùn sí i láyà, nígbà tó sì kàn án láti wọlé, kò sí ẹni tó fẹ́ jí i. Ìyàwó télọ̀ gbé e dání bẹ́ẹ̀ wọlé, Wọ̀n-ọ́n-wò kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó gbé tépù sáàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí ó fi lọ́wọ́ọ́wọ́, ó wá rọra bẹ̀rẹ̀ sí wọn ọmọ náà.